Ọmọ Agogo Tí Bàbá Mi Fi Igi Gbẹ́

Kí n tó sọ ohunkóhun, mo fẹ́ bẹ̀bẹ̀. N kì í ṣe ẹni tó mọ ìwé kọ. Kíláàsì kẹrin ni mo dé nílé-ẹ̀kọ́, èdè Gẹ̀ẹ́sì àti Ìgbò ni wọ́n sì fi kọ́ wa níbẹ̀. Yorùbá tí mo ń kọ yìí, bàbá mi ló fi ṣọ́ọ̀kì kọ́ mi lẹ́yìn ilẹ̀kùn yàrá wa ní Onitsha, nígbà tó bá ti ọjà dé tí ara rẹ̀ sì yá. Bí ọ̀rọ̀ mi bá rí págunpàgun, ẹ forí jì mí. Ọ̀rọ̀ ẹnu pàápàá kì í yá mi lára, ká má tíì sọ ti ìwé. Ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ni mo ń kọ ọ́ sílẹ̀ fún, nítorí ọ̀kan nínú yín bi mí ní ìbéèrè tí n kò lè dáhùn lórí ìdúró.

Lọ́sẹ̀ tó kọjá ni. Mo ń fọ abọ́ lẹ́yìnkùlé ilé tí à ń gbé báyìí ní Trans-Nkisi, ní Onitsha níbí, nígbà tí mo gbọ́ tí agogo kan dún nínú yàrá. Gbáńgán, gbáńgán. Kí n tó mọ ohun tí mò ń ṣe, mo ti ju abọ́ sílẹ̀, mo ti ń sáré gba ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ pẹ̀lú ọṣẹ lọ́wọ́, mo sì ti ń sọ ọ́ jáde lẹ́nu pé, “Mò ń bọ̀, Ìyá Àgbà, mò ń bọ̀!”

Ìyá Àgbà ti kú tipẹ́. Rókíbà, ọ̀kan nínú ẹ̀yin ọmọ ẹ̀gbọ́n mi, ni mo bá nínú yàrá. Ó ti tú páálí àtijọ́ tó wà lábẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó gbé agogo dání lọ́wọ́ kan, ó mú igi róbótó kan dání lọ́wọ́ kejì.

“Àǹtí, gịnị bụ nke a?” Ìgbò yá a lẹ́nu ju Yorùbá lọ. Ó rí ojú mi, ló bá yí i padà kíá. “Kí ni wọ́n ń fi igi yìí ṣe?”

Mo jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì, mo ń nu ọṣẹ ọwọ́ mi mọ́ aṣọ. Ọmọ náà rò pé mò ń bínú ni, ó rọra dá gbogbo ẹ̀ padà sínú páálí. “Ẹ má bínú, Àǹtí.” N kò bínú. Etí mi ni kò tíì gbà pé Ìyá Àgbà ti lọ.

Nígbà tí mo wà ní kékeré, ìtòsí Relief Market là ń gbé, nínú ilé gígùn kan tí yàrá dojú kọ yàrá, tí ọ̀dẹ̀dẹ̀ kan ṣoṣo la àárín wọn kọjá láti ojú títì dé ẹ̀yìnkùlé. Àlùbọ́sà ni bàbá àti ìyá mi jọ ń tà. Bí ọkọ̀ bá ti Òkè Ọya dé, tí ibi tí wọ́n ń kó o sí lọ́jà kò bá gbà á mọ́, wọ́n á to àwọn àpò tó kù sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ojú gbogbo ará ilé á máa ṣomi. Wọ́n á ní àwọn ará Yorùbá tún ti pa àwọn lẹ́kún. Bàbá yín Sùlé kò sí nílé nígbà náà, ó wà lọ́dọ̀ ọ̀gá tó ń kọ́ ọ níṣẹ́.

Yàrá tó dojú kọ tiwa, Mama Chioma ló ni ín, òun àti àwọn ọmọ rẹ̀. Ọkọ rẹ̀ ti kú. Ọ̀kpà, oúnjẹ Ìgbò kan tó dà bí mọ́ínmọ́ín, ló ń sè tà, ó máa ń gbé e sínú báàfù lórí, á sì kiri títí ọ̀sán. Obìnrin tó sanra, tó ń pariwo, tó sì láàánú ni. Bí ilẹ̀ bá ti ń mọ́ báyìí, á gbọn agogo kékeré kan, gbogbo ọmọ rẹ̀ á kúnlẹ̀, wọ́n á gbàdúrà, wọ́n á kọrin, àwa náà tí à ń ṣàlùwàlá lẹ́yìnkùlé á máa bá wọn mi orí láìmọ̀. Kò sí ìjà láàárín wa.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n gbé Ìyá Àgbà dé láti Ọ̀ffà. Ìyá bàbá mi ni. Wọ́n ní kí àìsàn tó dé, ẹnu rẹ̀ kì í dákẹ́, ọwọ́ rẹ̀ kì í sì í dúró. Òun ló ń lé orin nínú ẹgbẹ́ àsàlátù wọn, bó bá sì pàtẹ́wọ́, ẹni tó wà lójú ọ̀nà á ti mọ̀ pé òun nìyẹn. Àmọ́ ẹni tí wọ́n gbé sọ̀ kalẹ̀ nínú ọkọ̀ lọ́jọ́ yẹn, apá ọ̀tún rẹ̀ ti kú, ẹsẹ̀ ọ̀tún náà ti kú, ẹnu rẹ̀ ti wọ́ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ọ̀rọ̀ sì ti tán nínú rẹ̀. “Ẹn-ẹn” nìkan ló kù tó lè sọ.

Bàbá mi ra agogo kan fún un, irú èyí tí wọ́n ń gbọn nílé-ìwé, tó ní ọwọ́ onígi. Wọ́n gbé e sí ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì rẹ̀. Àwọn òbí mi kò lè fi ọjà sílẹ̀, nítorí náà èmi ni wọ́n ní kí n dúró tì í. Ìyá mi ní kí n fi ilé-ìwé sílẹ̀ fún sáà kan péré. Sáà yẹn ni kò parí mọ́.

Kí n má parọ́, ẹ̀gbẹ́ kan nínú mi kọ́kọ́ dùn. Nílé-ìwé wa, bí ọmọ kan bá dáhùn ìbéèrè bó ṣe yẹ, tíṣà á ní kó jáde síwájú, á ní, “Class, clap for her!” Gbogbo kíláàsì á sì pàtẹ́wọ́ bí òjò. Àwọn ọmọ yòókù fẹ́ràn rẹ̀ bí ẹni fẹ́ràn súùtì. Èmi, ọjọ́ kan ṣoṣo tí wọ́n ṣe é fún mi, abẹ́ tábìlì tíṣà ni mo bẹ́ wọ̀, ọwọ́ ni wọ́n fi fà mí jáde. Láti ìgbà náà, bí mo bá mọ ìdáhùn, màá pa ẹnu mọ́. Lọ́dọ̀ Ìyá Àgbà, kò sẹ́ni tó ń pàtẹ́wọ́ fún mi, kò sì sẹ́ni tó ní kí n sọ̀rọ̀ sókè. Àwa méjèèjì dákẹ́, ó sì bá wa lára mu.

Ọ̀sán ọjọ́ kan, ó ń fi imú kọ orin àsàlátù kan. Ó gbé ọwọ́ òsì sókè, ó wo àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀, ó gbá a sínú afẹ́fẹ́. Kò ba nǹkan kan. Ó tún gbá a. Mo ń wò ó, ojú sì ń tì mí bí ẹni pé èmi ni mo ṣe é sí i. Ni mo bá sún mọ́ ọn, mo gbé àtẹ́lẹwọ́ mi síbi tó yẹ kí ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ wà. Ó gbá a. Pá! Ó wò mí. Ó tún gbá a, ó wá bẹ̀rẹ̀ sí í fi kọ́ mi bí wọ́n ṣe ń gbe orin yẹn nílé: pá-pá, pá-pá-pá, dúró díẹ̀, pá. Bí mo bá ṣì í, á ní “ẹn-ẹn!” á sì gbá mi lọ́rùn ọwọ́. Láti ọjọ́ náà, bí mo bá ti fún un lóúnjẹ tán, á na ọwọ́ òsì, mo ti mọ ohun tó ń wá.

Ọ̀rọ̀ agogo wá di wàhálà. Ìgbà àkọ́kọ́, ẹ̀rín ló pa wá. Ìyá Àgbà fẹ́ ṣe ìgbọ̀nsẹ̀ ni, ó gbọn agogo. Kí n tó gbé póò dé ọ̀dọ̀ rẹ̀, àwọn ọmọ Mama Chioma ti dìjú lódìkejì ọ̀dẹ̀dẹ̀, wọ́n ti kígbe “Amen!”, èyí tó kéré jù láàárín wọn sì ti dá orin. Mama Chioma yọjú pẹ̀lú ìyẹ̀fun ọ̀kpà lọ́wọ́.

“Alhaja! Na you be our pastor today?”

Ìyá Àgbà rẹ́rìn-ín títí omi fi ń jáde lójú rẹ̀. Díẹ̀ ló kù kí póò pẹ́ jù.

Ṣùgbọ́n ó ń pọ̀ sí i. Bí Mama Chioma bá gbọn tirẹ̀ ní ìdájí, èmi náà á fò sókè láti ojú oorun, màá sáré kọlu korobá. Bí Ìyá Àgbà bá gbọn tirẹ̀ nígbà tí àwọn tòdìkejì ń gbàdúrà, wọ́n á ṣe àmín kí ìyá wọn tó bẹ Ọlọ́run tán. Níkẹyìn ó pe bàbá mi sí ẹnu ọ̀nà.

“Baba Sule, biko. My pikin dem no sabi which bell be prayer again. Yesterday dem say Amen for potty.”

“Ndo, Mama Chioma,” ni bàbá mi fi bẹ̀ ẹ́, ó ń gbìyànjú láti má rẹ́rìn-ín. “I go do something.”

Ohun tó ṣe nìyí. Inú agogo kọ̀ọ̀kan, irin kékeré kan wà tó so rọ̀ tó ń lù ú. Ọmọ agogo là ń pè é nílé wa. Bàbá mi yọ ọmọ agogo ti Ìyá Àgbà jù sínú agolo tó ń kó ìṣó sí. Ó wá gé orí ọmọ odó ìyá mi kan tó ti là, ó gbẹ́ ẹ ní róbótó, ó dá a lu, ó fi okùn so ó sínú agogo. Odindi ọjọ́ Sunday ló fi ṣe é. Nígbà tó gbọn ọ́n, kò ní gbáńgán mọ́. Kò-kò-kò ló ń ṣe, bí ẹni tí ojú ń tì láti kan ilẹ̀kùn onílẹ̀kùn.

“Ẹ gbọ́ ọ?” ni bàbá mi ń bi gbogbo ará ilé, ó ń gbọn ọ́n kiri. “Ti àdúrà yàtọ̀, ti Ìyá yàtọ̀.”

Mama Chioma pàtẹ́wọ́ fún un. “Baba Sule, engineer!”

Ìyá Àgbà gbà á, ó gbọn ọ́n, ó tẹ́tí sí i. Ó tún gbọn ọ́n. Ó wá gbójú sókè wò mí, n kò sì fẹ́ràn ohun tí mo rí nínú ojú rẹ̀.

Lọ́jọ́ kejì, mo lọ sídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé. Nígbà tí mo padà wọlé, ó ti ń gbọn agogo bọ̀ tipẹ́, òógùn ti bò ó níwájú orí, omi ló fẹ́ mu. N kò gbọ́ nǹkan kan.

“Mọ́mì,” ni mo wí nígbà tí ìyá mi dé, “n kì í gbọ́ ọ láti ẹ̀yìn.”

“Etí rẹ ni kí o ṣí.”

“Mo ṣí i.”

“Ṣí i sí i. Ìwọ náà mọ bí bàbá ẹ ṣe pẹ́ tó lórí igi yẹn.”

Ni ẹ̀rù bá wọ inú mi, kò sì jáde mọ́. Mo gbé báàfù ìfọṣọ wá sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀. N kò gún nǹkan kan mọ́ bí kò bá sí ẹlòmíràn nílé, nítorí ariwo odó. Mo ń jẹun lórí ìdúró. Bí ẹnìkan bá ń bá mi sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ ni màá máa wò, ṣùgbọ́n ẹ̀yìn rẹ̀ ni etí mi wà. Mo ń gbọ́ kò-kò-kò níbi tí kò sí: adìyẹ ń ṣá ilẹ̀, ẹnìkan ń gé ẹran, mo ti dìde. Bí n kò bá sì gbọ́ ohunkóhun, ìyẹn gan-an ló burú jù. Màá ní bóyá ó ń sùn. Màá ní bóyá kò sùn.

Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í rọ̀ gidi lọ́dún yẹn. Ẹ̀yin náà mọ òjò Onitsha lórí páànù, ẹ ò ní gbọ́ ẹni tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín. Ọ̀sán ọjọ́ kan, kò sẹ́nì kankan nílé àfi èmi àti Ìyá Àgbà. Ojú ọ̀run ṣú lójijì. Mo sáré bọ́ sẹ́yìnkùlé láti ká aṣọ. Mo ti kó wọn mọ́ àyà nígbà tí atẹ́gùn gbá ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, gbàgà! Mo gbọ́ ìró ìkọ́ rẹ̀ tó já bọ́ sínú ihò rẹ̀ láti inú. Mo tì í, kò ṣí. Ti ojú títì, èmi fúnra mi ti tì í láti inú lówùúrọ̀, bí ìyá mi ṣe pàṣẹ.

Mo ju aṣọ sílẹ̀ nínú ẹrẹ̀. Mo sáré yípo ilé lọ sí ojú fèrèsé yàrá wa. Fèrèsé náà ga, irin dábùú rẹ̀, ìṣàn omi sì ti kún gọ́tà tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Mo gun búlọ́ọ̀kù kan. Mo pe Ìyá Àgbà. Ẹ mọ bí ohùn mi ṣe rí. Èmi pàápàá kò gbọ́ ọ. Mo fi etí ti irin. Òjò nìkan ni. Ó lè jẹ́ pé ó ń gbọn igi yẹn nínú lọ́hùn-ún pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ó lè jẹ́ pé kò lè gbọn ọ́n mọ́. Méjèèjì, bákan náà ni wọ́n ń dún létí mi.

N kò mọ ẹni tó fi ọ̀rọ̀ náà sí mi lọ́kàn. Mo fi irin fèrèsé sílẹ̀, mo gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, mo pàtẹ́wọ́. Mo gbá a bí n kò ṣe gbá nǹkan kan rí. Pá-pá, pá-pá-pá. Mo dúró. Kò sí nǹkan. Mo tún ṣe é. Pá-pá, pá-pá-pá.

Láti inú, nísàlẹ̀, ohun kan lu abọ́ páànù lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Pá. Ibi tó yẹ kó bọ́ sí gan-an ló bọ́ sí.

Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún, ṣùgbọ́n n kò dáwọ́ dúró. Bí mo bá ṣe tèmi tán, á ṣe tirẹ̀. Nígbà mìíràn á pẹ́ kó tó dáhùn, ẹ̀mí mi á sì fò lọ, tirẹ̀ á tún wá dún. Àtẹ́lẹwọ́ mi wú, n kò mọ̀ ọ́n. Ohùn kan ló ké sí mi láti ẹ̀yìn.

“Chineke! Nwa m, you dey craze? Who you dey clap for inside rain?”

Mama Chioma ni, báàfù ọ̀kpà lórí, aṣọ rẹ̀ lẹ̀ mọ́ ọn lára. Mo nawọ́ sí fèrèsé. “Mama. Door don lock. Grandma.” Ọ̀rọ̀ tí mo lè sọ nìyẹn. Kò bi mí ní ìbéèrè mìíràn. Ó yọ ọ̀bẹ tẹ́ẹ́rẹ́ tó fi ń gé ọ̀kpà, ó tì í bọ àlàfo ilẹ̀kùn ẹ̀yìn, ó fi gbé ìkọ́ náà sókè, a sì jọ wọlé gììrì.

Ìyá Àgbà ti já bọ́ láti orí bẹ́ẹ̀dì sí ẹ̀gbẹ́ ara tó ti kú. Omi gọ́tà ti gba ihò ara ògiri lábẹ́ fèrèsé wọlé, ó ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ẹnu rẹ̀. Ó ń gbé àgbọ̀n sókè kúrò nínú rẹ̀, ọ̀rùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ọwọ́ òsì rẹ̀ sì wà lórí abọ́ oúnjẹ rẹ̀. Agogo wà nínú omi nítòsí rẹ̀. Nígbà tí a gbé e dìde tán, tí a pa aṣọ rẹ̀ dà, ó mú agogo náà, ó gbọn ọ́n sí wa lójú, ó gbé e kalẹ̀, ó wá ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ sókè ní òfìfo. Ó ti gbọn ọ́n títí, kò sẹ́ni tó gbọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́, Mama Chioma rò ó fún gbogbo ilé, ó sì fi tirẹ̀ kún un. “Na clap this small Yoruba pikin take hold her grandmama! Oya, make una clap for am!” Wọ́n pàtẹ́wọ́. Ọ̀dẹ̀dẹ̀ kún fọ́fọ́. Mo wá tábìlì tí màá wọ abẹ́ rẹ̀, kò sí, ni mo bá ki orí bọ inú ìró Ìyá Àgbà. Mo gbọ́ tó ń rẹ́rìn-ín nínú ikùn. Nígbà tó yá, ọwọ́ òsì rẹ̀ kàn mí léjìká, ó ń wá àtẹ́lẹwọ́ mi. Mo na án sí i láìgbé ojú sókè.

Ìyá mi ń fi òróró pa ọwọ́ mi tó wú. Bàbá mi gbé agogo, ó wo inú rẹ̀ fún ìgbà pípẹ́, ó gbé e kalẹ̀. “Tó bá di ọ̀la, màá wá nǹkan ṣe sí i,” ló wí. Gbogbo wa ló mọ bí ọ̀la bàbá mi ṣe máa ń pẹ́ tó.

Wọ́n ti wó ilé yẹn báyìí, ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fi kọ́ síbẹ̀. Mama Chioma ti padà sí abúlé rẹ̀. Ó ṣì máa ń pè mí lórí fóònù, ohun tó sì máa ń kọ́kọ́ bi mí ni pé, “How your ear?” Ìyá Àgbà lo ọdún díẹ̀ sí i lọ́dọ̀ wa, ọ̀sán ló kú, ọwọ́ rẹ̀ wà nínú tèmi. Ìyá mi, tí ẹ̀yìn ń dùn ún, kò nílò agogo. Bó bá ń fẹ́ omi, á fi fóònù fláàṣì mi láti yàrá kejì. Ó dára, ó yá. Ṣùgbọ́n bí fóònù rẹ̀ bá ti kú tí iná kò sì sí, mo ti padà di ọmọ kékeré nìyẹn, tó ń jẹun lórí ìdúró. N kò rò pé ó máa kúrò lára mi. N kò tún mọ̀ bóyá mo fẹ́ kó kúrò. Ẹnìkan ní láti máa gbọ́.

Rókíbà, ìdáhùn rẹ nìyí. Igi yẹn ni ọmọ agogo tí bàbá àgbà yín fi ìfẹ́ gbẹ́, tí kò lè dún. Ó ku ìbéèrè tí ìwọ kò tíì bi mí, pé ta ló yọ ọ́.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì òjò yẹn, mo jí ṣáájú gbogbo ilé. Mo tú agolo ìṣó bàbá mi sórí aṣọ kí ó má baà dún. Mo rí ọmọ agogo onírin náà nísàlẹ̀, ó ti ń dípẹtà. Mo fi eyín já okùn ti igi, mo fi wáyà so irin padà, mo di agogo mú sínú àyà mi títí mo fi gbé e dé ẹ̀gbẹ́ ọwọ́ òsì Ìyá Àgbà. Ojú rẹ̀ ti là. Ó ń wò mí. Mo jáde sí ẹ̀yìnkùlé, mo pa ilẹ̀kùn dé, mo rìn dé ìdí ẹ̀rọ omi, ibi tó jìnnà jù, mo dúró.

Gbáńgán!

“Amen!” ni àwọn ọmọ Mama Chioma dáhùn láti ojú oorun. Mo gbé omi, mo wọlé lọ.